Ilé Kan, Onílé Méjì: Èrò Wa Lórí Pípín Háádì Dísìkì fún Windows àti Linux

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni wa ń tẹ̀ lé ní ayé òde òní, tí wọ́n fi ń fẹ́ kí Windows àti Linux jọ máa gbé inú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo. Ìdí tí wọ́n ní kò kéré. Windows ni iṣẹ́ ọ́fíìsì mọ̀: òun ni a fi ń ṣírò èsì ìdánwò, òun náà ni àwọn tí à ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ń lò. Linux ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ dáradára lórí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí agbára rẹ̀ ti ń dínkù, àtẹ ìtẹ̀wé Yorùbá sì wà nínú rẹ̀ lábẹ́ àtẹ ti Nàìjíríà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni náwó lé e. Láti ìgbà tí Microsoft sì ti fòpin sí ìtìlẹ́yìn tí ó ń ṣe fún Windows 10 ní ọjọ́ 14, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025, ẹ̀rọ tí Windows 11 kò gbà láti wọ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wa, àwọn tí ó ni wọ́n kò sì ṣe tán láti kó wọn dànù.

Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Bí a ṣe ń pín ilẹ̀ fún àwọn onílé méjèèjì ni ó ń kọ mí lóminú. Èrò mi ni pé ẹni tí kò bá lè ka àwòrán ìpín inú háádì dísìkì rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láti pín in. Mo sì gbà pé ẹ̀ka Yorùbá gan-an ni ó yẹ kí ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa ní kíkà náà, kì í ṣe ẹ̀ka kọ̀ǹpútà nìkan. Mo mọ̀ pé apá kejì yìí yóò ya àwọn kan lẹ́nu.

Ohun tí ojú mi rí

Ní ọdún 2019, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí ó wà ní ọdún kẹta ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lábẹ́ àbójútó mi. Ẹkún ìyàwó ni ó yàn. Ó lo ìsinmi rẹ̀ ní abúlé ìyá ìyá rẹ̀ ní agbègbè Ọ̀yọ́, ó sì gba ohùn àwọn ìyá àgbà mẹ́ta sílẹ̀. Ìgbàsílẹ̀ náà jẹ́ 43 lápapọ̀. Èmi ni mo gbà á níyànjú pé kí ó fi Linux sí ẹ̀rọ rẹ̀ kí àmì ohùn lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti tẹ̀. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé ẹ̀rọ náà fún ọmọkùnrin kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó sì padà lọ gbà á ní ìrọ̀lẹ́. Linux wà níbẹ̀, ó ń dán gbinrin. Kò sí Windows mọ́, kò sì sí ìgbàsílẹ̀ kankan mọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ béèrè ibi tí kí òun fi Linux sí, ibi tí a kọ "Erase disk" sí ni ọmọkùnrin náà tẹ̀, nítorí pé ọ̀nà yẹn ni ó yá jù.

Mo kọ́kọ́ bínú sí i. Nígbà tí inú mi rọ̀, mo bi ara mi pé ta ni ó sọ fún un pé ẹrù wà nínú ilé náà? Akẹ́kọ̀ọ́ mi kò sọ, nítorí pé kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ. Èmi tí ó yẹ kí n kìlọ̀ fún un kò kìlọ̀. Kí a tó mú aṣọ dé, Ọmọ́yẹ ti rin ìhòòhò wọ ọjà.

Ọ̀rẹ́ mi kan fi PhotoRec, ètò kan tí a fi ń wá fáìlì tí ó sọnù, wá inú dísìkì náà fún òru méjì. Ìgbàsílẹ̀ 11 ni ó rí. Orúkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan ti parẹ́, nọ́ńbà lásán ni ó rọ́pò wọn, díẹ̀ nínú wọn sì gé ní àárín. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jẹ́ Ọlọ́run nípè ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Ohùn nìkan ni a fi dá a mọ̀ pé méjì nínú 11 náà jẹ́ tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà padà lọ sí abúlé. Àwọn ìyá méjì tí ó kù tún sun ẹkún náà fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn mọ̀ pé kò sí apohùn kan tí ó ń pe ohùn rẹ̀ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Kí n fi kún un pé orí ni ó kó wa yọ tí a fi rí 11 náà: irú dísìkì àtijọ́ tí ó ń yí bírí ni ti ẹ̀rọ yẹn. Bí ó bá jẹ́ irú SSD tí ó wà nínú ẹ̀rọ tuntun ni, ó ṣeé ṣe kí a má rí ẹyọ kan, nítorí pé irú èyí a máa nu ibi tí a bá ti sọ fún un pé ó ṣófo.

Agbo-ilé inú dísìkì

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí a fi ẹnu kò lórí orúkọ. Àwọn kan ń pè é ní "yàrá", àwọn mìíràn ń pè é ní "ìpín". Àwọn ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú wọn kọ́ wa bí a ti ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ láti inú ohun tí èdè ní. Ní tèmi, "ìpín" ni mo fara mọ́, nítorí pé ohun tí a pín fún ẹnì kan kì í ṣe ti ẹlòmíràn mọ́. Yàrá, ẹnikẹ́ni lè ṣèèṣì wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo háádì dísìkì bí agbo-ilé. Ẹ̀rọ tí ó bá bá Windows 10 tàbí 11 jáde sábà máa ń ní ìpín mẹ́rin kí a tó fọwọ́ kàn án rárá. Èkíní kéré, ó sábà máa ń jẹ́ 100 MB. EFI ni wọ́n ń pè é. Ìloro ilé nìyí: ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń mọ onílé tí yóò jí nígbà tí a bá tan iná sí i. Linux náà yóò fi ohun tirẹ̀ sí ìloro kan náà, kò sì pọn dandan kí a kọ́ ìloro kejì. Ìkejì jẹ́ 16 MB, Windows fi í pamọ́ fún ara rẹ̀, a kì í sì í rí i nínú àwòrán tí Windows ń fi han wa. Ìkẹta ni C tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ìkẹrin ni ibi tí Windows ti ń wá oògùn bí ara rẹ̀ kò bá yá. Mo ti rí olùkọ́ tí ó pa àkọ́kọ́ àti ìkẹrin rẹ́ nítorí pé "wọn kò wúlò, wọ́n kàn ń gba ààyè". Ẹ̀rọ rẹ̀ kò jí mọ́ ní ọjọ́ kejì.

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà kọ àkọsílẹ̀ bí a ti ṣe pín ilẹ̀ náà. Èyí tí ó pẹ́ jù ni MBR. Ìpín gidi mẹ́rin péré ni ó gbà. Bí a bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, a gbọ́dọ̀ sọ ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ìpín ńlá tí a óò tún gé sí wẹ́wẹ́ nínú. Èyí tí ó dé lẹ́yìn ni GPT, tí ó gba 128 lórí Windows. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí à ń rà ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ní ibòmíràn jẹ́ ti ayé Windows 7, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe wọn sì ti lè lo ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán. Bí ènìyàn bá wá gbìyànjú láti fi Windows ṣe ìkarùn-ún, Windows yóò dáhùn pé òun lè sọ gbogbo dísìkì náà di oríṣi mìíràn tí wọ́n ń pè ní "dynamic". Ẹ má gbà fún un. Linux kì í sábà rí ibi wọ̀ sí nínú irú dísìkì bẹ́ẹ̀, àtipadà sí ipò àtijọ́ kò sì rọrùn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin ẹni tí ó ń ta ẹ̀rọ àti ẹni tí ó ń rà á. Dísìkì tí a kọ 500 GB sí lára yóò fi nǹkan bí 465 hàn lórí Windows. Ti 256 yóò fi 238 hàn. Kò sí ẹni tí ó jí ìyókù. Ẹni tí ó ṣe dísìkì ń fi ẹgbẹ̀rún ṣírò, Windows sì ń fi 1,024 ṣírò. Iye tí Windows ń sọ ni kí a fi pín ilẹ̀.

Bí mo ṣe rò pé ó yẹ kí á pín in

Ìpín mẹ́ta ni mo fara mọ́, yàtọ̀ sí àwọn kékeré tí a ti bá níbẹ̀: ọ̀kan fún Windows, ọ̀kan fún Linux, ọ̀kan fún iṣẹ́ wa. Lórí dísìkì 500 GB, mo máa ń fún Windows ní 150, Linux ní 60, kí nǹkan bí 250 sì jẹ́ ti iṣẹ́. Lórí 256 GB, 100 fún Windows àti 40 fún Linux tó, kí ìyókù jẹ́ ti iṣẹ́. Ìpín kẹta yìí ni ọkàn ọ̀rọ̀ mi. Bí Windows bá bàjẹ́ lọ́la, tàbí tí Linux kò bá wù wá mọ́, a lè palẹ̀ onílé náà mọ́ kí a tún un gbé wọlé láìjẹ́ pé a fọwọ́ kan ìgbàsílẹ̀ kan ṣoṣo.

Àwọn tí wọ́n mọ Linux jù mí lọ kì í gbà fún mi lórí èyí. Wọ́n ní inú ìpín ti Linux, ní oríṣi ext4, ni ó yẹ kí iṣẹ́ máa gbé. Èsì mi ni pé Windows kò lè ka ext4 fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n Linux ń ka NTFS tí í ṣe ti Windows, ó sì ń kọ sí inú rẹ̀. Ẹni méjì tí wọ́n jọ ń gbé, èdè tí àwọn méjèèjì gbọ́ ni kí wọ́n fi kọ ìwé àjọni. Àwọn kan tún dárúkọ exFAT. Òótọ́ ni pé àwọn méjèèjì ń kà á, ṣùgbọ́n exFAT kò ní ìwé-ìrántí inú tí NTFS fi ń tún ara rẹ̀ tò bí iná bá lọ lójijì nígbà tí à ń kọ nǹkan sí i. Ní ilẹ̀ wa níbí, tí bátìrì ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ti kú, n kò rí ẹni tí yóò fi èyí tàfàlà.

Àwọn kan wà ní apá kejì tí wọ́n ń gé dísìkì sí C, D, E, F, G, bí ẹni ń gé iṣu fún àlejò. Ìpín kan yóò kún fọ́fọ́, èkejì yóò ṣófo, a kò sì ní lè fi àyè ìkejì ran àkọ́kọ́ lọ́wọ́ láìtún ilẹ̀ pín. Mo rò pé àṣejù ni.

Ní ti iṣẹ́ náà gan-an, ètò rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ohun èlò rẹ̀ lọ. Ṣíṣe ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ wa sí orí dísìkì mìíràn ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìpín kẹta tí mo ń sọ yìí ti di ẹ̀dà. Ara dísìkì kan náà ni ó wà. Bí dísìkì bá kú, gbogbo agbo-ilé ni ó jọ wó. Fláàṣì 32 GB kan péré ni ìbá ti gba ìgbàsílẹ̀ 43 wọ̀nyẹn, kí ààyè tún ṣẹ́ kù.

Lẹ́yìn èyí, kí a wò ó bóyá Windows ti fi BitLocker ti ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun ni ó ti ti ilẹ̀kùn fúnra wọn láìjẹ́ pé olówó wọn mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 48. Kí a kọ ọ́ sí orí ìwé kí a tó ṣe ohunkóhun, nítorí pé bí ẹ̀rọ bá kíyè sí i pé a ti fọwọ́ kan ìloro, ó lè béèrè rẹ̀, kò sì ní ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò ní in. Kí a tún pa "Fast Startup", tí ó ti wà láti ayé Windows 8, nínú Windows. Bí ó bá wà ní títàn, Windows kì í sùn dáadáa nígbà tí a bá pa ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ kàn wà ní dídì ni. Bí Linux bá wá wọ yàrá rẹ̀ láti kọ nǹkan síbẹ̀, ìwé àwọn méjèèjì yóò dàrú. Nígbà mìíràn Linux yóò kọ̀ láti kọ ohunkóhun síbẹ̀, àwọn ènìyàn yóò sì rò pé Linux ni kò mọ iṣẹ́.

Inú Windows fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a ti dín C kù, pẹ̀lú "Shrink Volume" tí ó wà nínú Disk Management. Ẹni tí ó ni ẹrù ni ó mọ èyí tí ó ṣeé sún. Ó lè sọ pé òun kò lè sún ju ìwọ̀nba kan lọ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè pọ̀ níbẹ̀. Àwọn fáìlì kan tí Windows kì í gbé kúrò lójú kan nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ni ó fà á. A lè pa àwọn kan nínú wọn fún ìgbà díẹ̀, bí i àyè oorun ẹ̀rọ, kí a tún gbìyànjú. Kí bátìrì kún, kí iná sì dá wa lójú, kí a tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ilẹ̀ tí ó bá ṣófo ni a ó ti ṣe ìpín iṣẹ́, kí a fi ìyókù sílẹ̀ láìfún un ní orúkọ kankan. Ibẹ̀ ni a óò sọ fún Linux pé kí ó wọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rí "Erase disk", ẹ gbé ọwọ́ kúrò.

Bí Linux bá ti wọlé, ohun méjì kan yóò ya ènìyàn lẹ́nu. Nínú Disk Management, ìpín Linux yóò dà bí ibi tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, nítorí pé Windows kò gbọ́ èdè rẹ̀. Àwọn kan ti pa á rẹ́ nítorí èyí, tí ẹ̀rọ sì ń kọ "grub rescue" sí wọn lójú ní òwúrọ̀. Ìkejì ni pé aago Windows lè fi wákàtí kan kù. Linux ń ka aago inú ẹ̀rọ sí ti àgbáyé, Windows ń kà á sí ti ìlú, wákàtí kan sì ni Nàìjíríà fi ṣáájú. Àṣẹ kan péré, "timedatectl set-local-rtc 1", ni a óò tẹ̀ lórí Linux láti parí ìjà náà.

Ìdí tí ó fi kan ẹ̀ka Yorùbá

Wọn yóò bi mí pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú èyí. Ohun tí ó kàn án ni pé orúkọ tí à ń sọ fáìlì wa ní àmì. Lẹ́tà tí ó ní àmì lókè àti àmì nísàlẹ̀, bí i "ẹ́" tàbí "ọ̀", kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode. Àkópọ̀ ni, ọ̀nà tí a sì lè gbà kó o pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Àtẹ ìtẹ̀wé kan lè fi àmì ìsàlẹ̀ ṣáájú, òmíràn lè lo lẹ́tà tí àmì ìsàlẹ̀ ti wà lára rẹ̀. NTFS àti ext4 ń pa orúkọ mọ́ bí a ti tẹ̀ ẹ́ gan-an. Nítorí náà, ènìyàn lè rí fáìlì méjì tí wọ́n ń jẹ́ "Ọ̀yọ́" nínú àpò kan náà, kí ó rò pé ẹ̀dà ni ọ̀kan, kí ó pa á rẹ́, kí ó sì jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí ni ó parẹ́. Linux tún máa ń gbà kí a fi àmì kólọ́ọ̀nù tàbí àmì ìbéèrè sínú orúkọ fáìlì. Windows kò gbà. Ẹni tí ó bá fi Linux sọ fáìlì ní "Ẹkún Ìyàwó: Apá 2" nínú ìpín iṣẹ́ lè dé Windows kí ó má lè ṣí i. Kò sí olùkọ́ kọ̀ǹpútà tí yóò rántí sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ wa, nítorí pé kì í ṣe èdè wa ni ó fi ń sọ fáìlì tirẹ̀ lórúkọ.

Àwọn alábàáṣiṣẹ́ kan ti sọ fún mi pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kàn máa lo Linux láti orí fláàṣì láìpín nǹkan kan. Mo gbà fún wọn bí ó bá jẹ́ fún ìdánwò ọjọ́ díẹ̀. Fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe àdàkọ ohùn fún odidi sáà, fláàṣì ń fà bí ìgbín, ó sì tètè ń sọnù nínú àpò ṣòkòtò.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò náni lówó. Kí ọjọ́ kan péré wà ní sáà tí ó ṣáájú ìgbà tí àwọn ọdún kẹta yóò jáde lọ gba ohùn sílẹ̀, kí olúkúlùkù ya àwòrán dísìkì ẹ̀rọ tirẹ̀ sí orí ìwé, kí ó kọ orúkọ ìpín kọ̀ọ̀kan àti ìwọ̀n rẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè Yorùbá fún ẹni tí ó jókòó tì í. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pín dísìkì kan tí kò sí ẹrù nínú rẹ̀, kí wọ́n bà á jẹ́, kí wọ́n tún un pín. Kọ̀ǹpútà ńlá méjì tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ wà ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ẹ̀ka wa, eruku ni ó bò wọ́n. Mo ti tọrọ wọn lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ka fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀gá ní kí n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo olùkọ́ lè kà á. Èyí ni mo kọ yìí.